Láti Ilé Ẹlẹ́sìn Búdà Dé Ẹnu Ọ̀nà Ilé Àwọn Sístà

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ ládùúgbò wa ní Ìbarà pé mo fẹ́ wọ ilé àwọn Sístà, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi mí: báwo ni ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀sìn Búdà tọ́ dàgbà ní Abẹ́òkúta, ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kún bámúbámú, ṣe wá di ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, tí kò sì mọ síbẹ̀, tó tún fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sin Ọlọ́run láìlọ́kọ, láìbímọ? Ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí ènìyàn lè dáhùn lórí ìdúró, nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀. N kò fẹ́ bú ẹ̀sìn tí mo ti jáde wá. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo wá tí n kò rí níbẹ̀, àti bí ohun náà ṣe wá mi kàn níbi tí n kò fọkàn sí.

Bàbá mi ni wọ́n mú ẹ̀sìn Búdà wọ ilé wa. Kí wọ́n tó fẹ́ màámi, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì pè wọ́n lọ sí ìpàdé Soka Gakkai nínú yàrá àlejò ẹnì kan. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà tó ti ilẹ̀ Japan wá ni Soka Gakkai. Ọdún 1930 ni wọ́n dá a sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbogbo àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ẹ̀kọ́ Nichiren ni wọ́n ń tẹ̀lé, àlùfáà kan tó gbé ayé ní Japan láti 1222 sí 1282, tó kọ́ni pé inú Lotus Sutra, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ ẹlẹ́sìn Búdà, ni ẹ̀kọ́ Búdà ti pé pérépéré, àti pé ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe Nam-myoho-renge-kyo, ìyẹn gbólóhùn tí a fi ń fi ara ẹni fún Òfin inú Lotus Sutra, yóò jí ìwà Búdà tó ti wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dìde. Nígbà tí bàbá mi fi Èkó sílẹ̀ padà sílé, wọ́n gbé ẹ̀sìn náà bọ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́, gbogbo wa a jókòó níwájú àpótí onígi kan tó ní ilẹ̀kùn méjì, níbi tí wọ́n gbé Gohonzon kọ́ sí, ìyẹn ìwé gígùn tí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ mímọ́ náà sí lára. Bàbá mi a tan àbẹ́là, wọn a lu agogo kékeré kan, a ó sì máa ka apá kan nínú orí kejì àti orí kẹrìndínlógún Lotus Sutra.

Àwọn aládùúgbò kan máa ń sọ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Irọ́ gbáà ni. N kò gbọ́ kí bàbá mi gbóhùn sókè sí màámi rí, n kò sì rí i kí wọ́n lé ẹni tó wá tọrọ nǹkan padà lọ́wọ́ òfo. Tí iná ọba bá lọ lálẹ́, ìtàn Siddhartha Gautama, ẹni tí à ń pè ní Búdà, ni wọ́n máa ń sọ fún wa, ọmọ ìdílé ọlọ́lá tí wọ́n bí ní Lumbini, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nepal lónìí. Bàbá rẹ̀ fi í pamọ́ sínú ìgbádùn kí ojú rẹ̀ má baà rí ìyà, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ó rí arúgbó, ó rí aláìsàn, ó rí òkú, ó sì rí ọkùnrin kan tó ti pa ayé tì tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò lè padà sínú ìgbádùn rẹ̀ mọ́. Ó ń wá òpin ìyà kiri títí ìmọ́lẹ̀ fi tàn sí i lábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya, ní Íńdíà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí títí di òní, mo sì gbà pé òun ló kọ́ mi láti má ṣe gbójú kúrò lára aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú nígbà tí mo dàgbà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo mọ bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí mi àti àwọn olùkọ́ mi, ẹ̀kọ́ Nichiren pàápàá sì fi ọwọ́ pàtàkì mú sísan oore wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́, tí mo rí iṣẹ́ ìṣírò owó ní ilé ìwé aládàáni kan ní Òkè-Ìlewó, tí ara mi le, tí ọkàn mi sì balẹ̀, ọpẹ́ kan wà nínú mi tó ju ti òbí àti olùkọ́ lọ: ọpẹ́ pé mo tilẹ̀ wà láyé. Ta ni kí n gbé e fún? Gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n kọ́ wa, Òfin tí à ń pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ló gbé ohun gbogbo ró, ṣùgbọ́n Òfin kì í ṣe ẹni. Kò ronú kàn mí kí wọ́n tó bí mi. Èmi ni mo ń pè é láti ìgbà èwe mi, òun kò sì lè pè mí láéláé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá mi. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni ẹwà ẹ̀kọ́ náà wà, pé kò sí ọ̀gá kankan lókè tí à ń bẹ̀, pé agbára láti yí ayé ẹni padà ti wà lọ́wọ́ oníkálukú. Ìdáhùn tó jinlẹ̀ ni, mo sì mọ àwọn tí ìdáhùn yìí ti gbé dìde nínú ìbànújẹ́ ńlá. Èmi ni kò tẹ́ lọ́rùn. Mo ń bá a lọ láti máa pe Nam-myoho-renge-kyo bí ó ti yẹ, tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò nílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé màámi ṣubú ní ìsọ̀ àdìrẹ wọn ní Ìtókù, tí a sì gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò. Gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta ló mọ ibẹ̀. Láti 1895 ni ilé ìwòsàn náà ti wà, Fádà Jean-Marie Coquard, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan nínú àwọn àlùfáà S.M.A., ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì fún ilẹ̀ Áfíríkà, ló sì dá a sílẹ̀, ẹni tó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ láàárín àwọn Ẹ̀gbá. Wọ́n dá màámi dúró síbẹ̀, èmi ni mo sì ń sùn tì wọ́n.

Lórí ibùsùn tó kọjú sí ti màámi, ìyá arúgbó kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí àwọn ẹbí rẹ̀ kì í sì í wá bó ṣe yẹ. Láràárọ̀, Sístà kan tó ti dàgbà díẹ̀ a gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, a fi ìgúnpá rẹ̀ tọ́ ọ wò, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ìyá náà láti ojú dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ òsì ìyá náà ti di ẹ̀ṣẹ́ pinpin, èékánná rẹ̀ sì ti ń gún àtẹ́lẹwọ́. Sístà á rọra ṣí àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú, á nu àtẹ́lẹwọ́ náà, á fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí omi á fi tán lára rẹ̀, á sì ká aṣọ funfun kékeré kan sáàárín àtẹ́lẹwọ́ àti ìka kí èékánná má baà tún wọlé. Èmi a máa wò ó. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń fọ ọwọ́ tí kò lè ṣe ohunkóhun fún un mọ́ bí ẹni pé ọwọ́ ọba ni.

Lọ́jọ́ kan tí ọmọ ìyá náà yọjú, Sístà bi í léèrè oríkì ìyá rẹ̀. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Sístà tó kan omi, yóò kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, yóò ní, “Àbẹ̀kẹ́, ẹ káàárọ̀ o.” Ìyá náà yí ojú sí i. Títí wọ́n fi ní kí màámi máa lọ sílé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu ìyá náà, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń yí ojú sí ẹni tó pè é. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo bi Sístà pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe tó báyìí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, Ẹni tó pè mí ti mọ orúkọ ìyá yìí kí n tó bi ọmọ wọn léèrè. Mo kàn ń bá A pè é ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé délé. Ẹni kan wà, nígbà náà, tó ń pe ènìyàn. Bíbélì tí mo yá lọ́wọ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà lálẹ́, mo sì dé orí kẹta nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, níbi tí Olúwa ti ń pe ọmọdé kan ní orúkọ nínú òru, tí ọmọ náà rò pé Élì ni, títí Élì fi kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí: “Máa wí, nítorí tí ìránṣẹ́ rẹ ń gbọ́.” Àwa ará Abẹ́òkúta ní ìdí láti fẹ́ràn Sámúẹ́lì àti ìyá rẹ̀. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya Samuel Ajayi Crowther nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Afála, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú Òṣogùn, ìlú wọn, ká. Ìlú wa yìí ni àwọn méjèèjì ti tún fojú kan ara wọn ní 1846, nígbà tí ọmọ náà padà wá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Áńgílíkà ni Crowther, kì í ṣe Àgùdà, ṣùgbọ́n inú Bíbélì èdè wa tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ribiribi lé lórí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé Ọlọ́run a máa pe ènìyàn ní orúkọ, n kò sì lè ṣàìdárúkọ rẹ̀.

Mo lọ bá kátíkíìsì ní ṣọ́ọ̀ṣì tó súnmọ́ wa, ó sì fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan wọ̀ mí lára kíákíá, nítorí ẹni tó ti ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti gbàdúrà láti kékeré kò ní í rí àdúrà àárọ̀ bí ẹrù. Èyí tó le ni kámà. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé gbogbo èrò, gbogbo ọ̀rọ̀ àti gbogbo ìṣe ẹni ló ní èso tirẹ̀, pé ohun tó dé bá wa lónìí ní gbòǹgbò nínú ohun tí a ti ṣe, nínú ayé yìí tàbí nínú ayé tó ti kọjá. Ẹ̀kọ́ tó bá òdodo mu ni, ó sì dàbí èyí tí àwọn àgbà wa ń sọ pé ohun tí a bá gbìn la ó ká. Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ti ọ̀daràn tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù nínú Ìhìnrere Lúùkù. Kò ní àkókò mọ́ láti gbin ohunkóhun. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé èrè ohun tí òun ṣe ni òun ń jẹ, síbẹ̀ ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Jésù rántí òun, Jésù sì dá a lóhùn pé, “Lónìí ni ìwọ ó wà pẹ̀lú mi ní Párádísè.” Òfin kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọkàn tó ń ṣàánú ni yóò sọ ọ́. Mo pẹ́ lórí ẹsẹ Bíbélì yẹn gan-an, mo ń bi ara mi bóyá àánú yìí kò ba ìdájọ́ òdodo jẹ́, títí mo fi rí i pé Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà wà lórí àgbélébùú pẹ̀lú ọkùnrin náà, tó ń jẹ ìyà tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ibẹ̀ ni mo ti gbà.

Ó wá ku kí n sọ fún bàbá mi. Mo ti ní Gohonzon tèmi tí mo gbà nígbà tí mo dàgbà, bí a bá sì kúrò nínú ẹgbẹ́, a kì í jó o, a kì í sì í jù ú nù. Ńṣe ni a ń dá a padà. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn nínú pálọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn náà ti kúnlẹ̀ níwájú bàbá tiwọn rí lórí ọ̀rọ̀ kan náà, pé bàbá wọn bá àwọn yodì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kò sì ní ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ àwọn. Wọ́n bá mi ká ìwé náà fúnra wọn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọn kò jẹ́ kí ìka wọn kan ojú ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, wọ́n dè é, wọ́n sì bá mi lọ sí Èkó láti dá a padà. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ wa níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó fẹ́ kí n máa bú àwọn tó tọ́ mi dàgbà kí wọ́n tó lè gbà pé mo ti di Kristẹni.

Ní Àìsùn Àjíǹde ni mo ṣe ìrìbọmi. Ẹ̀yin tí a bí sínú Ìjọ lè má kíyè sí i mọ́: wọ́n á dá iná síta nínú òkùnkùn, wọ́n á tan àbẹ́là ńlá Àjíǹde lára rẹ̀, bí wọ́n sì ti ń gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á dúró láti kọrin Ìmọ́lẹ̀ Krístì, tí gbogbo ìjọ á sì dáhùn pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohùn mi kò jáde nígbà àkọ́kọ́. Ọpẹ́ tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ti di àgbà, tí n kò mọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi, òun ni gbogbo ìjọ ń kọ lórin yìí, tí wọ́n sì mọ Ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún. Lóru náà ni wọ́n da omi sí mi lórí, tí wọ́n fi òróró mímọ́ sàmì sí mi níwájú orí, tí mo sì gba Ara Olúwa. Bàbá mi wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, pẹ̀lú agbádá wọn.

Ní ti ìpè, kò wá lójú àlá, n kò sì gbọ́ ohùn láti òkè. Lẹ́yìn ìrìbọmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ran àwọn Sístà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lọ́jọ́ Sátidé, láti wẹ aláìsàn, láti fún wọn lóúnjẹ, láti fọ aṣọ àwọn tí kò lẹ́nìkan. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé n kì í fẹ́ kí ọjọ́ náà parí. Lẹ́yìn náà, nígbàkúùgbà tí mo bá wà níwájú Sákráméǹtì Mímọ́, ìyẹn Ara Olúwa tí wọ́n gbé sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìbéèrè kan a máa padà wá láìjẹ́ pé mo pè é: bí Ẹni tó mọ orúkọ Àbẹ̀kẹ́ bá mọ tèmi náà, kí ló fẹ́ kí n fi ayé mi ṣe? Nínú Soka Gakkai, n kò lè bi ara mi ní irú ìbéèrè yìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ lásán ni, kò sí àlùfáà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí òun àti àwọn àlùfáà Nichiren Shoshu, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti pínyà ní 1991. Òótọ́ ni pé Búdà fúnra rẹ̀ gba àwọn ọkùnrin àti obìnrin tó pa ayé tì sínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pa ayé tì fún ni láti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Èmi ń lọ nítorí pé ẹnì kan ní kí n wá. Mo ronú kan Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac, tó dá S.M.A. sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, tó gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù karùn-ún ọdún 1859, tí ibà pọ́njú sì pa kí oṣù kẹfà tó parí. Àwọn tó kù gbọ́, wọ́n sì ń bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀, títí ó fi kan Coquard ní Lántòrò. Kò sí ìṣirò owó kan tí mo mọ̀ tó lè ṣàlàyé èyí.

Fádà ìjọ wa kò gba ọ̀rọ̀ mi wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìjọ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, kí iná tuntun má baà tàn án jẹ, wọ́n sì ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, kí n máa gbàdúrà, kí n sì máa padà wá bá àwọn. Mo dúró. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú sùúrù tí Ìjọ ń ní lórí ọ̀rọ̀ yìí: lẹ́yìn àwọn ìpele àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣètò fúnra rẹ̀, òfin Ìjọ ní ìgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí à ń pè ní nófísíètì kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 12, jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbà díẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ọdún 3 kí ènìyàn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ títí ayé. Jẹ́jẹ̀ẹ́ mẹ́ta náà ni kí n má ní ohun tí mo ń pè ní tèmi, kí n wà láìlọ́kọ nítorí ìjọba ọ̀run, kí n sì máa gbọ́ràn. Kò sí ẹni tó ń fi ipá tì mí, ilẹ̀kùn láti padà sílé sì ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìpele yìí.

Màámi ni kò tíì gbà. Wọn kò bínú pé mo di Kristẹni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo sọ ti ilé àwọn Sístà, wọ́n ní, “Sístà tọ́jú mi, mo dúpẹ́. N kò mọ̀ pé ọmọ mi ni wọ́n máa gbà lówó ìtọ́jú.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi dénú. Èmi nìkan ni obìnrin tí wọ́n bí, ìsọ̀ àdìrẹ tó wà ní Ìtókù sì nìyí, tí wọ́n ti gba lọ́wọ́ ìyá wọn, tí wọ́n rò pé èmi ni n óò gbà á lọ́wọ́ wọn, tí n óò sì fi lé ọmọ tèmi lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí n fi ìtàn Hánà bẹ̀ wọ́n, pé Hánà mú ọmọ tó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì fi í fún Ọlọ́run. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Hánà fúnra rẹ̀ ló jẹ́jẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀jẹ́ ẹlòmíràn dè é. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń lọ sí ìsọ̀ láti bá wọn pa aṣọ pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a sì ń sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn lórí rẹ̀, nígbà mìíràn lórí ohun mìíràn. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ti ní àwọn yóò máa bójú tó ìsọ̀ náà.

Oṣù kẹsàn-án ni mo máa wọlé. Mo ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, mo sì ń kọ́ ẹni tó máa gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ní àwọn ni yóò fi mọ́tò gbé mi lọ; màámi kò tíì sọ bóyá wọ́n máa bá wa lọ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nínú ẹ̀sìn tí bàbá mi fi tọ́ mi, ẹ bi mí kí oṣù náà tó dé, nítorí n kò ní máa lo fóònù bó ṣe wù mí lẹ́yìn náà. Gbogbo rẹ̀ ni n óò dáhùn.